Oògùn tí wọ́n ń kán sójú nígbà iṣẹ́ abẹ lésà: bí ẹ ṣe lè dáàbò bo kọ́níà yín

Ẹni tí kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa, tó sì fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ lésà kó lè bọ́ lọ́wọ́ jígí, ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀. Ó fẹ́ mọ irú lésà tí wọ́n ń lò, àti bóyá kò ní jó òun lójú. Ìbéèrè náà dára, àmọ́ iná lésà fúnra rẹ̀ kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan lórí ojú kan. Oògùn ló máa pẹ́ lójú yín: òmíràn á lo ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, òmíràn ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn á tó oṣù mẹ́ta. Ọwọ́ ara yín ni ẹ ó sì fi kán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ó yẹ kí aláìsàn mọ oògùn wọ̀nyí lórúkọ, kó mọ iṣẹ́ wọn, kó sì mọ ìgbà tó yẹ kí kálukú wọn kúrò lójú rẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń pè ní PRK, níbi tí wọ́n ti ń kó awọ òkè iwájú ojú kúrò kí lésà tó gé abẹ́ rẹ̀, ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, torí pé òun ni oògùn ti ń kan ara kọ́níà ní tààrà jù lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe LASIK, níbi tí wọ́n ti ń ṣí awọ iwájú ojú bí ìdérí tí wọ́n á sì dá a padà, lè fo apá mitomycin, oògùn tí kì í jẹ́ kí àpá bo ojú, torí wọn kì í sábà lò ó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìyókù kan òun náà.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mọ ibi tí oògùn máa bà lé

Kọ́níà ni awọ mímọ́ gaara tó bo iwájú dúdú ojú. Ní àárín, gbogbo sísanra rẹ̀ kò ju bí ìdajì mìlímítà lọ. Ní òkè rẹ̀ ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan wà tó máa ń hù padà. Bí wọ́n bá họ ọ́ kúrò lónìí, láàárín ọjọ́ 3 sí 5 á ti bo ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí awọ náà wà ní etí kọ́níà yípo, níbi tí dúdú ojú ti pàdé funfun. Ìpele tó nípọn jù wà láàárín, òun sì ni lésà ń gé.

Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìpele kan wà tí kò ju sẹ́ẹ̀lì ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ ní sísanra. Àwọn wọ̀nyí ló ń fa omi jáde lára kọ́níà tọ̀sán-tòru kó má bàa wú, kó má bàa ṣú. Ọ̀dọ́ tójú rẹ̀ dá ṣáṣá ní nǹkan bí 2,500 sí 3,000 wọn nínú mìlímítà onígun mẹ́rin kan, wọn kì í sì í hù padà lára ọmọ ènìyàn. Èyí tó bá kú ti lọ nìyẹn, àwọn tó ṣẹ́kù láá na ara wọn láti dí àlàfo rẹ̀.

Torí náà, oògùn yòówù kí wọ́n dárúkọ fún yín, ohun mẹ́ta ni kí ẹ fi wò ó. Ṣé kò ní dí awọ òkè lọ́wọ́ láti hù? Ṣé kò ní pa àwọn sẹ́ẹ̀lì etí lára? Ṣé kò ní wọ̀ dé ìsàlẹ̀?

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ tú àpò oògùn yín sílẹ̀ fún dókítà kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ

Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ ń lò, ìbáà ṣe agbo. Isotretinoin tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò fún irorẹ́ ojú máa ń mú kí ojú gbẹ, ó sì máa ń fa ìwòsàn ọgbẹ́ sẹ́yìn. Amiodarone tí wọ́n ń kọ fún àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège máa ń fi àmì sílẹ̀ lára kọ́níà. Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá ní gílọ́kómà, àìsàn tí ìfúnpá inú ojú fi ń ba ojú jẹ́ díẹ̀díẹ̀, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ láìbò ó, ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níwájú. Aboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, kí wọ́n dúró ná: agbára ojú máa ń yí padà lásìkò yẹn, mitomycin kì í sì í ṣe oògùn tó yẹ kó sún mọ́ oyún rárá.

Ẹni tó ń lo lẹ́ǹsì rírọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí wọ́n tó wọn ojú rẹ̀, tẹni tó ń lo èyí tó le gan-an á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tìróò náà gbọ́dọ̀ dúró. Lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ máa ń há sí ìdí ìpéǹpéjú, òjé sì wà nínú ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa aláwọ̀ dúdú máa ń béèrè dáadáa: ẹni tí àpá máa ń wú lára rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kẹ́lọ́ídì, ṣé ó lè ṣe lésà? Nígbà tí iṣẹ́ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìkìlọ̀ wà nínú ìwé àwọn ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà pé kí irú wọn má ṣe é. Nígbà tí àwọn dókítà padà yẹ ojú àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní kẹ́lọ́ídì, tí wọ́n sì ti ṣe lésà, wọn ò rí i kí àpá wú lára kọ́níà wọn. Ẹ sọ fún dókítà, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn nìkan lé yín padà láìyẹ ojú yín wò.

Ìgbésẹ̀ kẹta: mitomycin C, oògùn tó yẹ kí ẹ béèrè nípa rẹ̀ jù

Nínú PRK, dókítà á kọ́kọ́ kó awọ òkè kúrò. Ó lè fi búrọ́ọ̀ṣì ṣe é, ó sì lè da ọtí ìwọ̀n 20% sórí rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 kí awọ náà lè tú. Lẹ́yìn náà ni lésà á gé ìpele àárín. Ojú ọgbẹ́ lèyí fún ara, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó sàn. Nígbà míì, ìtara rẹ̀ á pọ̀ jù: àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á di sẹ́ẹ̀lì àpá, kùrukùru á sì bo ibi tó yẹ kó mọ́ gaara. Bí jígí bá ṣe le tó ni ewu kùrukùru ṣe ń pọ̀ sí i, pàápàá fún ẹni tí nọ́ńbà jígí rẹ̀ bá kọjá -6. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ló sì máa ń yọjú, nígbà tí èèyàn ti rò pé òun ti bọ́.

Ìdí tí wọ́n fi ń lo mitomycin C nìyẹn. Oògùn jẹjẹrẹ ni. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan ló yọ ọ́ jáde láàárín ọdún 1950 sí 1959, lára kòkòrò inú ilẹ̀ tó ń jẹ́ Streptomyces caespitosus. Ó máa ń de okùn ìran tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì mọ́ra wọn, sẹ́ẹ̀lì náà kò sì ní lè pín mọ́. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí PRK fún àìríran ọ̀ọ́kán lọ́dún 1995. Láti nǹkan bí ọdún 2000 ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé mitomycin ń bá wọn ká kùrukùru náà, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó kí kùrukùru tó dé rárá. Iṣẹ́ abẹ gílọ́kómà ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ní 2012. Ti lésà jẹ́ ohun tí dókítà ń fi òye àti ìrírí ara rẹ̀ ṣe. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, irú rẹ̀ pọ̀ nínú ìṣègùn, àmọ́ ẹ̀tọ́ yín ni kí wọ́n sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Oògùn tó lè dá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dúró kò ní mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ojú yín kì í ṣe ọ̀tá. Ìwọ̀n rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó lójú, ibi tó kàn, àti bí wọ́n ṣe fọ̀ ọ́ kúrò, àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu bóyá kọ́níà yóò wà láyọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbé wọn yẹ̀ wò.

Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò ni 0.02%, ìyẹn mìlígírámù 0.2 nínú mìlílítà 1. Lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ elésè àlùkò ló wà nínú ìgò kékeré, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn ló sì máa ń pò ó. Bí ìgò náà bá jẹ́ mìlígírámù 2, mìlílítà 10 ni omi tí yóò bọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ mìlílítà 1 ni wọ́n bù sí i, oògùn náà ti le ní ìlọ́po mẹ́wàá, àwọ̀ rẹ̀ á kàn ṣókùnkùn díẹ̀ sí i ni. Òdo kan tó bọ́ lórí ìwé lè ṣe irú ìpalára kan náà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bi wọ́n léèrè nìyí: “Ta ló ń po mitomycin níbí, ta ló sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀?” Ilé ìwòsàn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìbéèrè yìí. Èèyàn méjì ló yẹ kó wo ìṣirò náà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ àti aago tí wọ́n pò ó sára ìgò, torí oògùn náà kì í pẹ́ kó tó ṣá lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pò ó.

Ní ti àkókò, ìṣẹ́jú méjì gbáko ni wọ́n máa ń fi sí i nígbà àtijọ́. Lóde òní, ọ̀pọ̀ dókítà ti dín in kù sí ìṣẹ́jú àáyá 12 sí 60, gẹ́gẹ́ bí lésà ṣe wọlẹ̀ tó. Inú mi dùn sí ìyípadà yìí. Ní yàrá iṣẹ́ abẹ tó létò, ẹ ó gbọ́ kí nọ́ọ̀sì máa ka iye rẹ̀ sókè ketekete.

Wọn kì í da mitomycin sójú bí omi. Kànìnkànìn kékeré róbótó ni wọ́n máa ń rì sínú rẹ̀, wọ́n á fún un díẹ̀ kó má máa kán, wọ́n á wá gbé e sórí ibi tí lésà ti gé nìkan. Bó bá ṣàn dé etí, ibi tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bí awọ òkè ń gbé ló dé yẹn. Bí kànìnkànìn bá ti kúrò, omi iyọ̀ tútù ló kàn, lójú ẹsẹ̀ àti lọ́pọ̀lọpọ̀. Wọ́n lè lo mìlílítà 20 tàbí 30 láti ṣan gbogbo ojú, títí dé abẹ́ ìpéǹpéjú. Ẹ ó mọ òtútù rẹ̀ lára. Ẹ má ṣe mi orí.

Ìsàlẹ̀ kọ́níà wá ńkọ́? Ìwádìí lára ẹran fi hàn pé oògùn yìí lè gba ara kọ́níà tí lésà ti gé wọ inú omi tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára èèyàn, ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ka sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn ìwọ̀n kékeré àti àkókò kúkúrú kò rí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì, bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú wọn rí i pé iye rẹ̀ dín kù. Ohun tí èmi rí kọ́ níbẹ̀ ni pé kí wọ́n ka sẹ́ẹ̀lì yín kí wọ́n tó fọwọ́ kan yín. Ẹ̀rọ kan wà tó ń ya fọ́tò rẹ̀, kì í dunni, kì í sì í pẹ́. Bí iye náà bá ti kéré tẹ́lẹ̀, ẹ bá dókítà sọ ọ́ bóyá kí wọ́n gba ọ̀nà míì, tàbí kí jígí máa bá a lọ. Ẹni tí nọ́ńbà jígí rẹ̀ kò ju -2 lọ náà lè béèrè bóyá òun nílò mitomycin rárá, torí àwọn dókítà míì kì í lò ó fún gígé tí kò jìn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: oògùn tí kì í jẹ́ kí ojú mọ ìrora, yàrá iṣẹ́ abẹ ni kó parí sí

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á kán tetracaine tàbí proparacaine sí yín lójú. Irú oògùn yìí ti pẹ́: Karl Koller ló fi hàn ní Vienna lọ́dún 1884 pé kokéènì lè mú kí ojú má mọ ìrora, láti ìgbà náà ni iṣẹ́ abẹ ojú ti rọrùn. Ìkán méjì mẹ́ta lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Inú ilé ni ewu rẹ̀ wà. Ọjọ́ kìíní sí ìkẹta lẹ́yìn PRK máa ń nira. Ojú á máa ta yín, omi á máa dà, ẹ kò ní fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀. Ẹlòmíràn á wá ránṣẹ́ sí kẹ́míìsì, tàbí kó bẹ nọ́ọ̀sì kan pé kó bá òun fi ìgò ọ̀ún pamọ́. Ó kán an, ara tù ú wẹ́kú. Lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ìrora padà, ó tún kán an. Bó ṣe ń kán an ni awọ òkè tó fẹ́ hù ń dúró, torí oògùn yìí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ rìn pàdé ara wọn. Ojú kò ṣẹ́ dáadáa mọ́, omijé dín kù, ọgbẹ́ ń fẹ̀, ìrora rẹ̀ ń le sí i, òun náà sì ń fi oògùn kan náà lé e. Bí kòkòrò bá wọ ibẹ̀, kò ní mọ̀. Ìgbà tó bá fi padà sọ́dọ̀ dókítà, funfun kan lè ti yí kọ́níà rẹ̀ ká bí òrùka. Kọ́níà lè yọ́, kó sì lu. Kò sí oògùn tí mo tún bẹ̀rù lọ́wọ́ aláìsàn tó báyìí.

Ẹ má mú un lọ sílé, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí dókítà yín bá tiẹ̀ wà lára àwọn tó ń fún èèyàn ní èyí tí wọ́n ti là gan-an, òun ni kó sọ iye ìkán, kó sì gba ìgò náà padà. Fún ìrora, ẹ lo parasítámọ́ọ̀lù àti ohun mìíràn tí wọ́n bá kọ fún yín láti gbé mì, ẹ dé ojú yín nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí lẹ́ǹsì tí wọ́n fi bo ọgbẹ́ náà wà níbẹ̀ títí dókítà á fi yọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àwọn oògùn tí ẹ máa mú lọ sílé

Oògùn tó ń pa kòkòrò, bíi moxifloxacin, ẹ ó máa kán an títí awọ òkè á fi dí, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan. Ciprofloxacin náà ń pa kòkòrò, àmọ́ ó lè dì bí ẹfun funfun sínú ọgbẹ́ kọ́níà, ẹ má sì torí pé ó wà nílé fi í dípò èyí tí wọ́n kọ.

Diclofenac tàbí ketorolac ń dín ìrora kù, ó sì lè fa ìhù awọ sẹ́yìn. Ọjọ́ 2 tàbí 3 tó fún un. Ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1999, àwọn aláìsàn kan ni kọ́níà wọn yọ́ lẹ́yìn tí wọ́n lo irú rẹ̀, wọ́n sì kó ẹ̀yà diclofenac kan kúrò lọ́jà. Tí ìrora bá ń bá a lọ kọjá ọjọ́ yẹn, dókítà ló yẹ kí ẹ wá.

Sitẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń dín wíwú kù, bíi fluorometholone, ló máa pẹ́ jù. Wọ́n lè ní kí ẹ kán an lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́, kí ẹ sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù kan sí mẹ́ta kí kùrukùru má bàa gbilẹ̀. Ẹ mi ìgò rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó kán an, torí oògùn inú rẹ̀ máa ń sílẹ̀. Ẹ má dá a dúró lójijì, ẹ má sì fi kún un. Ìdí rèé: sitẹ́rọ́ọ̀dù lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè láìsí ìrora kankan. Gílọ́kómà pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn ẹlòmíì lọ, ó sì wà lára ohun tó ń sọ èèyàn di afọ́jú jù ní Nàìjíríà. Èyí tó tún burú ni pé kọ́níà tí lésà ti gé ti fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá á máa ka iye tó kéré sí bó ṣe wà gan-an. Nítorí náà ẹ rí i pé wọ́n wọn ìfúnpá yín ṣáájú iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì tún wọ̀n ọ́n láti bí ọ̀sẹ̀ kejì tí ẹ ti ń lo sitẹ́rọ́ọ̀dù. Tí dókítà bá ní kò pọ̀, ẹ bi í bóyá ó ti ro ti kọ́níà tó fẹ́lẹ́ mọ́ ọn.

Omi ojú tó ń lé gbígbẹ lọ dára, àmọ́ ẹ ra èyí tí kò ní benzalkonium chloride, oògùn tí wọ́n ń fi sínú ìgò kó má bàa bà jẹ́. Ó máa ń họ awọ òkè tó bá ń kàn án lemọ́lemọ́. Ike kéékèèké tí wọ́n ń ṣẹ́ lórí, tí wọ́n á jù nù lẹ́yìn lílò, ni kí ẹ wá. Ó wọ́n díẹ̀, mo mọ̀, síbẹ̀ ojú tí awọ rẹ̀ kò tíì dí tó bẹ́ẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: bí ẹ ṣe máa kán an

Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ ka orúkọ ara ìgò sókè, kódà bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, torí àwọn tó ṣèèṣì kán súpà gúlù tàbí oògùn etí sójú kò kéré. Ẹ gbé orí sókè, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ díẹ̀, ẹ kán ẹyọ kan sínú àlàfo ibẹ̀. Èkejì kàn máa ṣàn dànù ni. Ẹnu ìgò kò gbọ́dọ̀ kan ojú tàbí ìpéǹpéjú. Ẹ dijú pẹ̀lẹ́, ẹ fi ìka tẹ igun ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún ìṣẹ́jú kan, kí oògùn má bàa gba ibẹ̀ lọ sí ọ̀fun. Tí oògùn míì bá kù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ṣí ìgò sára rẹ̀, ẹ sì jù ú nù lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ní Nàìjíríà, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára páálí rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Ẹ má sì gba ìgò míì tó jọ ọ́ lọ́wọ́ ọlọ́jà nítorí pé èyí tí wọ́n kọ ti tán: Maxitrol, bí àpẹẹrẹ, ní sitẹ́rọ́ọ̀dù nínú, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì mọ̀.

Omi ọyàn, ìtọ̀, omi ṣúgà àti omi ewé kò gbọ́dọ̀ kan ojú yìí rárá, bó ti wù kí ẹni tó fi lọ̀ yín jẹ́ àgbà tó. Kọ́níà tí awọ òkè rẹ̀ ti ṣí kò ní ohun tí yóò fi dá kòkòrò inú wọn dúró.

Oòrùn líle náà ń fa kùrukùru. Jígí dúdú tó ń dí ìtànṣán oòrùn àti fìlà etí gbòòrò ni kí ẹ máa lò fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá lè yan àkókò, kó yẹra fún ìgbà ọyẹ́, eruku rẹ̀ pọ̀, ojú sì máa ń gbẹ.

Ìgbésẹ̀ keje: ìgbà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ dúró di ọ̀la

Ìrora tó ti ń lọ tó wá padà pẹ̀lú agbára. Ààmì funfun lára dúdú ojú. Ipin tó ń jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Ìríran tó já wálẹ̀ lójijì. Bí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí bá yọjú, ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ lọ, kódà bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ kó gbogbo ìgò tí ẹ ń lò dání.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, tí ojú bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ gba ìwé kan lọ́wọ́ dókítà tí yóò ní àwọn nǹkan yìí nínú: nọ́ńbà jígí yín ṣáájú, sísanra kọ́níà ṣáájú àti lẹ́yìn, iye sẹ́ẹ̀lì ìsàlẹ̀, ìfúnpá inú ojú ṣáájú, ìwọ̀n mitomycin àti iye ìṣẹ́jú àáyá tó lò, àti orúkọ sitẹ́rọ́ọ̀dù tí ẹ lò. Ẹni tó máa wọn ojú yín fún gílọ́kómà ní ọdún mẹ́wàá sí i máa nílò rẹ̀. Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ abẹ kátáráàtì, ìyẹn lẹ́ǹsì inú ojú tó ti ṣú, fún yín lọ́jọ́ alẹ́ máa nílò rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí láìsí nọ́ńbà àtijọ́ yẹn, yóò ṣòro fún un láti yan lẹ́ǹsì tó bá ojú yín mu. Ẹ ya fọ́tò ìwé náà sórí fóònù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan sọ́wọ́ ẹnì kan nínú ẹbí.